Àjọkẹ́, má fi ìṣirò sílẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà quantum

Ìta-Marina, Ẹ̀pẹ́

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní o fẹ́ fi ìṣirò tí ò ń kà ní yunifásítì sílẹ̀, kí o lọ sanwó kọ́ọ̀sì olóṣù mẹ́ta kan tí wọ́n ní yóò sọ ọ́ di ọ̀gá nídìí kọ̀ǹpútà quantum. Inú mi dùn gan-an pé nǹkan yìí wù ọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì sanwó.

Etí ọ̀sà ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára ara wọn, wọ́n ń gbé ẹja lọ sí Òlúwò. Ìgbì tọ̀tún pàdé ti tòsì. Níbi tí orí ìgbì ti bá orí ìgbì, omi ru sókè; níbi tí orí ti bá kòtò, omi tẹ́ rẹrẹ bí ẹni pé ọkọ̀ kankan ò kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí wà. Àwọn tó ń polówó kọ́ọ̀sì máa ń sọ pé ńṣe ló ń dán gbogbo ìdáhùn wò lẹ́ẹ̀kan náà. Àbọ̀ òótọ́ ni. Bíìtì inú fóònù rẹ, òdo ni tàbí oókan. Qubit, ìyẹn bíìtì ti kọ̀ǹpútà quantum, lè pa méjèèjì pọ̀ títí a ó fi wò ó. Àmọ́ tí a bá ti wò ó, ìdáhùn ẹyọ kan péré ló máa fún wa, ó sì lè má jẹ́ èyí tí à ń wá. Iṣẹ́ onímọ̀ ni kó to ìṣirò rẹ̀ lọ́nà tí ìgbì àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà yóò fi pa ara wọn rẹ́, tí ti èyí tó tọ̀nà yóò sì ru sókè. Bí Peter Shor, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ṣe é nìyẹn ní 1994, tó fi hàn pé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè tú nọ́ńbà ńlá palẹ̀ sí àwọn nọ́ńbà tí a fi sọ ara wọn di púpọ̀ kí a tó rí i. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó lè fi dán an wò nígbà náà, Àjọkẹ́. Ìṣirò nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń yọ àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé qubit kò lè fara da nǹkan kan. Ooru díẹ̀, ó ti ṣìṣe. Èyí tí Google àti IBM ń lò, inú òtútù tó ju ti òfurufú àárín àwọn ìràwọ̀ lọ ni wọ́n ń gbé e sí. Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ níbi tó ti ń to yìnyín sórí ọ̀bọ̀kún, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ta ló ń san owó iná wọn?"

Má jẹ́ kí iye qubit rú ọ lójú. IBM ṣe èyí tó ní 1,121 ní 2023. Willow tí Google gbé jáde ní December 2024, 105 péré ló ní, òun ló sì mú mi dìde lórí àga. Wọ́n di ọ̀pọ̀ qubit pọ̀ kí wọ́n lè ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, wọ́n wá ń fẹ ìdì náà, láti 3 lọ́nà 3 sí 5 lọ́nà 5, sí 7 lọ́nà 7. Bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ ẹ́ ni àṣìṣe ń dín kù ní ìdajì. Tẹ́lẹ̀, bí qubit bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe ń pọ̀ sí i. Láti 1995 ni Shor ti fi ìwé hàn pé a lè tún àṣìṣe wọn ṣe. Wo iye ọdún tí wọ́n fi lé e.

Àwọn kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣọ́ owó tí à ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn dúró lórí pé nọ́ńbà ńlá ṣòroó tú. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ṣírò ó pé 20 mílíọ̀nù qubit ni yóò gbà láti já irú RSA tó wọ́pọ̀, ọ̀kan lára àwọn kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyẹn. Nígbà tó di 2025, ìṣirò tuntun ní kò ní tó mílíọ̀nù kan. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá jí àṣírí kó lónìí lè fi í pa mọ́ títí ọjọ́ tí yóò rí i tú. Ìdí nìyẹn tí NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi gbé ìlànà kọ́kọ́rọ́ tuntun mẹ́ta jáde ní August 2024. Àwọn báńkì wa, ilé ìwòsàn wa, gbogbo wọn ló máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ tó ń dúró dè ọ́ nílé níbí nìyẹn, ìṣirò ni wọ́n sì fi rọ àwọn kọ́kọ́rọ́ tuntun náà.

O rántí owó ìfẹ̀yìntì tí mo kó sínú òwò tí wọ́n ní yóò di ìlọ́po méjì ní oṣù mẹ́ta. O rí ohun tí ojú mi rí. Tí mo bá gbọ́ "oṣù mẹ́ta", àyà mi máa ń já.

Láti 2016 ni IBM ti fi kọ̀ǹpútà quantum gidi sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè lò láìsanwó. Tí ẹ bá gba ìsinmi, gbé láptọ́ọ̀pù rẹ wálé pẹ̀lú ìwé mátíríìsì tí o ní ó ń fún ọ ní wàhálà. A jọ máa ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ ti ní òun á fi ọ̀bọ̀kún sílẹ̀ dè ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ