Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ àti ètò ìfẹ̀jẹ̀sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó.

Ìpàdé wa yóò wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn wa ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Ibẹ̀ náà ni ètò ìfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ yóò ti wáyé.

Iṣẹ́ ti ń gbòòrò. Oògùn àwọn ọmọdé tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde la fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, a ti ń san owó WAEC àti JAMB fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí i san. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó mọ́. Àwọn aláìsàn nílò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́. Ẹni tó wà láàárín ọdún 18 sí 65, tó wọn 50 kílò ó kéré tán, tí ara rẹ̀ sì le, lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: ọkùnrin lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, obìnrin lóṣù mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ jẹun kí ẹ tó wá o. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbààwẹ̀ ní Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ọjọ́ mìíràn fún ààwẹ̀ yín.

Tí ẹ bá ní ọmọ tí ẹ fẹ́ dábàá fún ìrànwọ́, ẹ mú èsì ìdánwò rẹ̀ nílé ìwé wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀, ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ ìpàdé. Kí ẹni tí kò ní lè wá náà wí.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́