Àṣàkẹ́, tú aago ọwọ́ rẹ

Kétu

Àṣàkẹ́ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé o sunkún lórí fóònù, pé ipò kẹrin lo gbé nínú eré ìje mítà 800 ní Àjàṣẹ́, àti pé láti ọjọ́ náà oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. N kò pè ọ́. Bí mo bá pè, wàá ní, "Bàbá, kò sí nǹkan kan," ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀.

Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí a bá rán ọ lọ ra ẹ̀kọ, wàá kọ́kọ́ sá dé Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, wàá fọwọ́ kan ògiri, kí o tó sá padà. Ẹ̀kọ á ti fọ́ nínú ewé. Ìyá rẹ á máa bínú, èmi á máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ní kí o sáré.

Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Mo ṣèlérí 200 sẹ́fà fún ọ nígbàkigbà tí o bá gbégbá orókè nínú eré ìje níléèwé. Kò pẹ́ tí o fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ ra ẹ̀kọ. Èmi tíṣà! Mo sì ti ka ohun tí Edward Deci, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, rí ní 1971: ó sanwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kí wọ́n máa to eré àtòpọ̀ kan; nígbà tí owó dá, ọwọ́ wọn kò yá sí i mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Òun àti Richard Ryan, onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wá sọ lẹ́yìn náà pé ohun mẹ́ta ni ọkàn ń jẹ: kí ohun tí à ń ṣe jẹ́ tinú wa, kí ọwọ́ wa máa mọ́ ọn sí i, kí a sì ní èèyàn. Àmì ẹ̀yẹ kò sí níbẹ̀.

Ìwọ fúnra rẹ lo fi Simone Biles, eléré jimnásíìkì ará Amẹ́ríkà, hàn mí. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo ní 2021, orí àti ara rẹ̀ kò gbọ́ ara wọn mọ́ lójú òfurufú, ó sì kúrò nínú ìdíje ẹgbẹ́. Wọ́n bú u. Ní Paris ní 2024, wúrà mẹ́ta ló gbà. Ká tiẹ̀ ní kò gba ẹyọ kan, ìsinmi yẹn tọ́ sí i.

Sọ fún ẹni tó ń kọ́ ọ pé o fẹ́ òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀ tí ẹnì kankan kò ní ka ìṣẹ́jú. Bí oorun àti oúnjẹ kò bá padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, lọ rí dókítà, má tijú. Màá wá bá ọ lọ.

200 sẹ́fà ti tán o. Lọ́jọ́ tí o bá tú aago ọwọ́ rẹ, tí o sáré lẹ́bàá ọ̀sà, pè mí, kí o sọ ohun tí o rí lọ́nà fún mi.

Bàbá rẹ