Ìwé ẹ̀rí mẹ́ta, ọ̀kan ti kú

Àjàṣẹ́, alẹ́ Ọjọ́rú

Bàbá Sẹ́fà mi,

Ṣé òtútù Montréal ò tíì sọ ẹ́ di ẹja inú firíìjì? Orúnkún Ìyá ti san díẹ̀. Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé wa bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì. Ó tó, jẹ́ n sọ èyí tí kò jẹ́ n sùn.

Láàárọ̀ yìí, obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Ouando pè mí: "Bùrọ̀dá, fóònù mi ní kí n má wọ sáìtì yín, pé olè lè wà níbẹ̀." Mo ṣí i lọ́dọ̀ mi, ó ṣí wẹ́rẹ́. Mo ní kó tún un ṣí, ó ní ó ti dáa. N ò tíì jẹ òkèlè méjì tí oní-zémì kan pè. Tòun náà tún dáa lẹ́ẹ̀kejì. Díẹ̀ ló kù kí n wá babaláwo lọ.

O ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? O mọ̀ pé sẹ́fà mẹ́ta, kọ̀ǹpútà tó ń gbé sáìtì wa, ló wà lẹ́yìn load balancer tó ń pín èrò fún wọn, kálukú sì ń fi ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, èyí tó ń sọ fún fóònù pé sáìtì wa gan-an nìyí, han èrò. Mo wọ ìkejì, mo wo fáìlì: tuntun ni, èmi ni mo dà á kọ síbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo wá fi openssl s_client, irinṣẹ́ tó ń wo ìwé ẹ̀rí tí sẹ́fà ń fi hàn, bi í léèrè, ló bá na ti àtijọ́ sí mi, èyí tó kú lóru àná! Mo da fáìlì kọ, n ò sọ fún nginx, ètò tó ń fi sáìtì han èrò, kó tún un kà. Ẹni tó bá ṣáà ti bọ́ sọ́wọ́ ìkejì, ìkìlọ̀ ló ń rí.

Ọ̀gá ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, èmi náà á gbàwé: ìwé gbélé-ẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ka owó ilé-ìwé àwọn ọmọ látàárọ̀.

Ọjọ́ 90 ni ìwé ẹ̀rí tí Let's Encrypt ń fún wa ń lò kó tó kú, mo ṣì lè máa fọwọ́ dà á kọ. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2029, ìwé ẹ̀rí tuntun tí bùráúsà máa gbà ò ní ju ọjọ́ 47 lọ. Ọwọ́ wo ló máa ká a? Mo fẹ́ kí sẹ́fà kọ̀ọ̀kan máa fi DNS, àkọsílẹ̀ orúkọ sáìtì wa, gba tirẹ̀, kí certbot, ètò tó ń gba ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀, sì máa jí nginx bó bá ti gbà á.

Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀. Orúkọ ẹ ni àkáǹtì dómáìnì, níbi tí DNS yẹn wà, ṣì wà. Mo mọ bí ìwọ àti ọ̀gá ṣe tú ká, mo sì mọ̀ pé mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Má tìtorí tiẹ̀ ṣe é, tìtorí tèmi ṣe é: fi kọ́kọ́rọ́ DNS ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀wà tí o jẹ láwìn lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́wà, mo ti san án láti èṣí. N ò kàn sọ ni.

Èmi náà ni