Ìbò Tí Wọ́ọ̀dù Fi Rán Yín: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Ṣe Dẹ́lígéètì

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín láti Àkúrẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, kò sì tètè sọ̀rọ̀. Mo kọ́ bàbá rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo mọ̀ pé bí àwọn ará ilé wọn bá dákẹ́ báyẹn, ọ̀rọ̀ wà nínú. Nígbà tó yá, ó ní: "Bàbá Tíṣà, mo ti ṣèlérí fún olùdíje kan pé òun ni mo máa dìbò fún. Iwájú gbogbo wọ́ọ̀dù ni mo ti sọ ọ́, torí ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe yàn mí ní dẹ́lígéètì, aṣojú tó máa bá wọn dìbò nínú ẹgbẹ́. Ní báyìí, líídà wa ti ránṣẹ́ pé kí a yí sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Owó wà níbẹ̀, sà. Ṣé kí n yí ni, àbí kí n dúró?"

Mo ní kó dúró. Ó bi mí pé kí ló dé, mo sì ṣàlàyé díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán mo rí i pé àlàyé náà kò kún tó. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ìbò náà. Wọ́ọ̀dù 203 ló wà ní ìpínlẹ̀ wa, ní ìjọba ìbílẹ̀ 18. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ lo dẹ́lígéètì láti yan ẹni, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń yan èèyàn díẹ̀ láàárín ara wọn pé kí wọ́n lọ bá àwọn dìbò. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba kò ní wọ gbọ̀ngàn yẹn. Ọmọkùnrin tó ń tún mọ́tò ṣe ní Ìsìkàn kò ní wọ̀ ọ́. Àgbẹ̀ tó fi kòkó rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn nítorí ìpàdé wọ́ọ̀dù kò ní wọ̀ ọ́. Ìwọ nìkan lo máa wọlé. Ìwé pélébé tí wọ́n bá fún ọ níbẹ̀, gbogbo wọn ló ni ín.

Ẹ má sì rò pé ìbò kan kò tó nǹkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tí ẹgbẹ́ APC dìbò abẹ́lé wọn ní Àkúrẹ́ níbí, ìbò 669 ni Rótìmí Akérédolú ní, Olúṣẹ́gun Abraham tó tẹ̀ lé e sì ní 635. Ìyàtọ̀ ìbò 34! Ìjà lórí ìwé orúkọ àwọn dẹ́lígéètì ọjọ́ náà dé Àbújá, ó dé ilé ẹjọ́. Olúṣọlá Òkè, tóun náà díje lọ́jọ́ náà, kúrò nínú ẹgbẹ́, ó sì gba inú ẹgbẹ́ míì jáde dupò gómìnà. Èèyàn 34 kò kún bọ́ọ̀sì akérò ńlá kan.

Ọmọ tó wá bá mi sọ fún mi pé òun kà á lórí fóònù pé ní Amẹ́ríkà, dẹ́lígéètì lè yí padà bó bá ti wù ú. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́dọ̀ wọn, àwọn ará ìlú ló ń kọ́kọ́ dìbò fún olùdíje tí wọ́n fẹ́, ní ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pín dẹ́lígéètì fún àwọn olùdíje gẹ́gẹ́ bí ìbò náà ṣe rí. Ohun tí wọ́n fi de dẹ́lígéètì mọ́ olùdíje ni ìbò ìyá arúgbó kan tó tò sórí ìlà nínú òtútù.

Wọ́n ti jà lórí okùn yìí gan-an. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí ẹgbẹ́ Dẹmọkírátì pàdé ní New York, Ààrẹ Jimmy Carter ló ní dẹ́lígéètì púpọ̀ jù. Òfin ẹgbẹ́ sì sọ pé ẹni tí wọ́n bá rán ọ láti dìbò fún, òun náà ni kó o dìbò fún nígbà àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn Edward Kennedy, tó ń bá Carter díje, ní kí wọ́n tú okùn náà, kí oníkálùkù lè dìbò bí ọkàn rẹ̀ ṣe fẹ́. Wọ́n dìbò lé e lórí, Kennedy pàdánù, ó sì juwọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà dẹ okùn díẹ̀. Ohun tí òfin wọn wá ń sọ ni pé kí dẹ́lígéètì fi ẹ̀rí ọkàn rere gbé èrò àwọn tó yàn án jáde. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rí ọkàn ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní ìfẹ́ inú rẹ; èrò àwọn tó yàn ọ́ ni ẹ̀rí ọkàn náà sì gbọ́dọ̀ gbé jáde.

Òfin tó dẹ̀ yẹn wúlò fún wọn ní ọdún 2024. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje, Joe Biden kéde pé òun kò díje mọ́, ó sì ní kí wọ́n ti Kamala Harris lẹ́yìn. Dẹ́lígéètì tó lé ní 3,000 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló di òmìnira lọ́jọ́ kan. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún ló fẹnu ara rẹ̀ tú wọn sílẹ̀, ní gbangba, tí gbogbo ayé ń gbọ́. Àwa náà mọ irú rẹ̀. Ní Jos ní ọdún 1993, Atiku Abubakar yẹ̀bá fún M.K.O. Abíọ́lá nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ SDP. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Aminu Tambuwal ṣe bẹ́ẹ̀ fún Atiku nínú PDP. Dẹ́lígéètì tó bá tẹ̀ lé olùdíje rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó yẹ̀bá fún kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Tiwa wá ń kọ́? Òfin ìdìbò tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kejì ọdún 2022 sọ nígbà náà pé bí ẹgbẹ́ bá máa lo dẹ́lígéètì, ìdìbò ni kí wọ́n fi yàn wọ́n. Ó tún sọ pé ẹni tí ìjọba fi sípò òṣèlú kò gbọ́dọ̀ dìbò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni ńlá tí ipò wọn máa ń sọ di dẹ́lígéètì kò lè dìbò lọ́dún náà. Ilé aṣòfin gbìyànjú láti dá wọn padà, ààrẹ kò fọwọ́ sí i. Inú mi dùn nígbà yẹn, torí agbára ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ yàn. Ṣùgbọ́n kí oṣù mélòó kan tó kọjá, dọ́là tí wọ́n ń pín fún dẹ́lígéètì ni gbogbo ìlú ń sọ. Ìròyìn gbalẹ̀ pé àwọn olùdíje tó pàdánù ń lé dẹ́lígéètì kiri pé kí wọ́n dá owó àwọn padà.

Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ mọ irú èyí. Ẹ mọ ọkùnrin tó gba owó àsansílẹ̀ kòkó lọ́wọ́ oníbàárà kan ní oṣù kẹfà, tó tún gba tẹlòmíì ní oṣù kẹjọ. Nígbà tí kòkó gbẹ, òru ló gbé e lọ fún ẹni kẹta tó sanwó jù. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lábúlé. Ẹ sì mọ̀ pé bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ yá owó lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n á béèrè pé ọmọ ta ni. Dẹ́lígéètì tó ń ṣe báyìí tiẹ̀ burú jù ú lọ, torí ọkùnrin yẹn kòkó ara rẹ̀ ló tà.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ìyàwó mi. Ní ayé ẹgbẹ́ méjì tí ìjọba ológun dá sílẹ̀, èmi náà ṣe dẹ́lígéètì. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ ni a fẹ́ yàn. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa, èèyàn jẹ́jẹ́, tó ń du ipò kan. Mo gbọwọ́ rẹ̀, mo ní mo wà lẹ́yìn rẹ̀, ìpàdé wọ́ọ̀dù wa náà sì fẹnu kò sí i. Lálẹ́ tó ṣáájú ìdìbò, wọ́n pè mí sínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n sì fi àpòòwé lé mi lọ́wọ́. Ilé tí mo ń kọ́ kò tíì ní òrùlé. Mo gbà á. Lọ́jọ́ kejì, mo dìbò fún ẹlòmíì.

Ọkùnrin náà pàdánù. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá sí ilé mi pẹ̀lú iṣu mẹ́ta àti igo epo pupa kan. Ó ní òun wá dúpẹ́ pé mo dúró ti òun. Mo gba iṣu náà. Mo dúpẹ́. Mo bá a jókòó, mo tiẹ̀ ń bá a dárò pé àwọn èèyàn kò ṣeé fọkàn tán.

Ó ti kú báyìí. Páànù tí mo fi owó yẹn rà ṣì wà lórí yàrá ẹ̀yìn. Bí òjò bá ń rọ̀ lóru, mo máa ń gbọ́ ọ.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń sọ fún yín pé kí ẹ dúró, ẹni tí kò dúró ló ń sọ ọ́. Mo mọ bí àpòòwé ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹni tí àìní ń bá fínra.

Ọ̀rọ̀ líídà ló le jù fún ọmọ tó wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, a kì í kọ̀ fún líídà." Mi ò ní sọ pé kí ẹ rí àgbà fín. Líídà lè mọ ohun tí ẹ kò mọ̀, ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ ni pé olùdíje kejì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí líídà bá ní kí ẹ yí padà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹ sọ iye owó tó wà níbẹ̀, kí wọ́n gbọ́. Bí àwọn tó yàn yín bá ní kí ẹ yí, ẹ yí, kí ẹ sì lọ sọ fún olùdíje àkọ́kọ́ lójú ara rẹ̀ kí ọjọ́ ìdìbò tó dé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ dá líídà lóhùn pé wọ́ọ̀dù ló sọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni bí ẹ bá wá rí i pé ẹni tí ẹ ṣèlérí fún jẹ́ ayédèrú, tàbí ó ti hùwà tí ojú yín kò lè gbà. Ẹ má fi ìbò ìkọ̀kọ̀ gbẹ̀san lára rẹ̀. Ẹ wí i síta.

Ẹ má búra fún olùdíje kankan o. Wọ́n á ní kí ẹ fọwọ́ lé Bíbélì tàbí Kùránì, àwọn mìíràn á gbé irin wá. Wọ́n á ní kí ẹ fi fóònù ya fọ́tò ìwé ìdìbò kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ kò tàn wọ́n. Ẹni tó bá fọkàn tán yín kò ní béèrè bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá sì fọkàn tán yín ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọjà lòun ń rà.

Àwọn kan nínú yín á ní ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́ lásán ni gbogbo èyí. Mo wà ní Àkúrẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1983. Akin Ọmọ́boríowó, igbákejì gómìnà, ti bá Gómìnà Adékúnlé Ajásin du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ wọn, UPN, kò rí i gbà, ó sì ní wọ́n fi èrú ṣe é. Ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ NPN. Nígbà tí wọ́n kéde pé òun ló wọlé ìbò gómìnà, àwọn èèyàn mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí àwọn dì nìyẹn. Iná sọ. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun èèyàn mọ́ ọn. Ilé ẹjọ́ ló dá ipò padà fún Ajásin, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ tó lè dá àwọn tó kú padà. Mi ò sọ pé dẹ́lígéètì ló fa gbogbo rẹ̀. Mo ń sọ pé ìjà náà bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà kò ti gba ara wọn gbọ́ mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. Ọmọ yẹn sọ fún mi pé olùdíje ló ń sanwó mọ́tò, òun ló ń bọ́ wọn, òun ló ń sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó sùn sílé ẹlòmíì, tó jẹun rẹ̀, báwo ló ṣe máa kọ̀ fún un láàárọ̀? Mo bẹ àwọn wọ́ọ̀dù, ẹ dáwó jọ fún dẹ́lígéètì yín, ìwọ̀nba tí ẹ bá ní, kó lè fi owó yín wọ ọkọ̀ lọ, kó sì fi owó yín jẹun.

Ọmọ náà tún padà wá lánàá. Ó ní wọ́n ti pe ìpàdé wọ́ọ̀dù sí ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin, àti pé òun máa sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀rù ń bà á, mo rí i lójú rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé màá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé náà, mo máa yà sílé àwọn ọmọ ọkùnrin tó gbé iṣu mẹ́ta wá fún mi. Àkọ́bí rẹ̀ ṣì ń gbé ní àdúgbò wa.

Èmi ni,
Bàbá Tíṣà, Àkúrẹ́