Sọ́fítíwia ń kú, HTML ṣì wà láyé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó wà káàkiri Abẹ́òkúta, láti Pánsẹ́kẹ̀ dé Sápọ́n, ni mo ní kí ẹ bá mi gbé jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ọ́ sára pátákó pé àwọn ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì ayélujára. Tí ẹ bá wo ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ náà, kò ju ibi tí bọ́tìnì wà nínú sọ́fítíwia kan lọ. Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ni sọ́fítíwia yẹn bá pa á tì, owó òbí ti wọgbó nìyẹn.

Wọ́n sì ń pa á tì lóòótọ́. Ẹ̀dà ọdún 2003 ni FrontPage, sọ́fítíwia Microsoft fún ṣíṣe ìkànnì, parí sí. Ilé iṣẹ́ Adobe ra ilé iṣẹ́ Macromedia ní 2005, ó sì di ẹni tó ni àwọn irinṣẹ́ ìkànnì bíi Flash, Dreamweaver àti Fireworks. Ní 2013 ó dáwọ́ dúró lórí Fireworks, ọdún yẹn kan náà ló kéde pé ẹni tó bá fẹ́ irinṣẹ́ òun tuntun á máa san owó ìlò rẹ̀ lọ títí. Muse, irinṣẹ́ ìkànnì Adobe mìíràn, náà lọ ní 2020. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni Adobe kọ Flash sílẹ̀ pátápátá, nígbà tó sì di ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2021 ó ti ń dènà gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ṣe. Figma, tí wọ́n fi ń ya bí ojú-ìwé ṣe máa rí, ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn báyìí. Irinṣẹ́ tó dáa ni, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ náà ni.

Ẹ wá wo HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ìwé ayélujára. Ojú-ìwé ayélujára àkọ́kọ́ tí Tim Berners-Lee gbé jáde ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Switzerland, lọ́dún 1991 ṣì ń ṣí lórí fóònù òní. Ìdí ni pé àwọn tó ń ṣe ìlànà kì í fẹ́ ba ohun tó ti wà nílẹ̀ jẹ́. W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà ayélujára, gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú XHTML 2, ìlànà tuntun tí kò bá àwọn ojú-ìwé àtijọ́ mu. Àwọn tó ń ṣe búráúsà, ohun tí a fi ń ṣí ìkànnì, kò gbà, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn, WHATWG, sílẹ̀ ní 2004, W3C fúnra rẹ̀ sì pa XHTML 2 tì ní 2009. HTML5 jáde ní 2014. Láti 2019, ọ̀dọ̀ WHATWG ni ìlànà HTML wà, wọn ò sì fún un ní nọ́ńbà ẹ̀dà mọ́. Wọ́n kàn ń fi kún un ni. Aládìrẹ tó mọ iṣẹ́ ẹlẹ́kọ dunjú, bí ìyẹ́ adìyẹ tó fi ń yàwòrán bá ṣẹ́, òmíràn ló máa fà yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó mọ HTML.

Notepad, ibi ìkọ̀wé lásán tó wà nínú Windows, ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kó kọ <!DOCTYPE html> sí ìlà àkọ́kọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, búráúsà á máa to ojú-ìwé náà bíi ti ayé ọjọ́un. Kó kọ <meta name="viewport" content="width=device-width, initial-scale=1">, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóònù á rò pé ojú-ìwé náà fẹ̀ tó 980 píksẹ́lì, á sún un kì, lẹ́tà á wá dà bí èèrà.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá ni èyí tó kù kàn jù. <meta charset="utf-8"> ló ń sọ fún búráúsà bí yóò ṣe ka lẹ́tà, ó sì gbọ́dọ̀ wà láàárín báìtì 1,024 àkọ́kọ́ nínú fáìlì. Tí kò bá sí, ẹ á rí «áº¹» níbi tí ẹ ti kọ «ẹ». Kí <html lang="yo"> wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú lè mọ̀ pé Yorùbá ni, kí ó má kà á bí Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àmì. «ọ» ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. U+1ECD ni. «ọ́» kò ní. U+1ECD àti U+0301, nọ́ńbà àmì òkè, ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣètò fún èyí á gbé àmì ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kí búráúsà lọ yá lẹ́tà yẹn nínú fọ́ǹtì míì, kó wá rí gbàgùdù láàárín ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó gba fọ́ǹtì kankan, ẹ fi «ẹ̀kọ́ ọ̀ṣẹ́ ń ǹ ṣọ́ọ̀ṣì» dán an wò, ní lẹ́tà kékeré àti ńlá. Noto Sans kì í já èèyàn kulẹ̀. Ẹ fi line-height, àyè tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń gbà, sí 1.5 ó kéré tán. Tó bá jẹ́ 1.2, àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ lè máa gbá àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà òkè. Ohun míì tún wà tí ojú kò rí: kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ «ọ́» ní ọ̀nà kan, kí òmíràn kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn, kí méjèèjì jọra lójú, kí wíwá inú ìkànnì sì sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí NFC, ọ̀nà kan ṣoṣo tí Unicode là sílẹ̀ fún títò wọ́n, nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀ àti nígbà tí ẹ bá ń wá a.

Fún àwọn ọlọ́jà Ìtòkú tó ń ta àdìrẹ lórí ayélujára: àwòrán fóònù tó jẹ́ 4000 × 3000 lè wọn MB mẹ́rin, dátà oníbàárà ló sì ń jẹ. Ẹ gé e sí 1200 ní fífẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́, kí ojúlówó rẹ̀ wà ní 75. Ìlà wẹ́wẹ́ ara àdìrẹ kì í sún kì bí aṣọ aláwọ̀ kan. Bó bá ń ṣú, ẹ dín fífẹ̀ kù, ẹ má dín ojúlówó. Ẹ kọ width àti height sí i kí ojú-ìwé má baà máa fò. Ẹ má kọ iye owó sínú àwòrán. Ẹ kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀, kí alt, ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe àwòrán, sì sọ ohun tó jẹ́: «àdìrẹ Olókun, aláró, ọ̀pá márùn-ún».

Òbí tó bá fẹ́ san owó ilé ẹ̀kọ́, kó ní kí olùkọ́ ṣí Notepad níwájú òun, kó kọ ojú-ìwé kan tó ní àkọlé, àwòrán àti orúkọ ọmọ náà pẹ̀lú àmì ohùn, kó sì ṣí i lórí fóònù. Bí olùkọ́ kò bá lè ṣe é, kí òbí má san án.

Oníṣẹ́ ìkànnì ayélujára,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.