Lẹ́tà sí àbúrò mi tí a ní ó wọ ẹgbẹ́ awo

Àbúrò mi, ọ̀kun o.

Mo mọ̀ pé tó o bá rí orúkọ mi lójú fóònù ẹ, àyà ẹ á kọ́kọ́ já pé nǹkan ti ṣe Màmá. Màmá wà dáadáa, òun gan-an ló ní kí n kọ̀wé sí ẹ. Mo kọ ọ́ síbi tí gbogbo ẹbí á ti kà á, torí ojú gbogbo ẹbí la ti ba orúkọ ẹ jẹ́, kò dáa kó jẹ́ kọ̀rọ̀ ni màá ti wá máa bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé nóòtù yẹn ni. Kérésì tó o wálé lẹ́yìn tó o parí mísọ̀n ọlọ́dún méjì yẹn, iṣẹ́ ìwàásù tó o ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì yín, àwọn tí aráyé ń pè ní Mọ́mọ́nì, ọyẹ́ mú gan-an, o gbé àpótí jókòó ti Màmá lọ́dẹ̀dẹ̀, o mú bírò, o ń bi í pé ta ló bí bàbá bàbá wa, kí ni orúkọ ìyá ẹ̀, ibo ni wọ́n ti ṣí wá sí Ìsánlú, ìgbà wo ni wọ́n kú. Màmá ń dáhùn, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, kò sí ọ̀kan nínú àwa ọmọ tó bi í nírú ìbéèrè yẹn rí. Bí olórí ẹbí ṣe wọlé bá yín nìyẹn, ó ní kí lo fẹ́ fi orúkọ òkú ṣe. O ò purọ́ fún un, o ní nínú tẹ́ńpìlì yín alààyè lè wọ omi ìrìbọmi dúró fún ẹni tó ti kú. Ó parí! Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agboolé ti gbọ́ pé o fẹ́ fi orúkọ àwọn baba wa ṣe ògùn owó.

Èmi ni mo já ìwé yẹn gbà lọ́wọ́ ẹ. Èmi tí mo pọ̀n ẹ́. Mo ní ẹgbẹ́ awo lo lọ wọ̀, o ò ní fi baba wa ṣe é. O ò bá mi jà, o kàn ti ìdérí bírò ẹ, o fi sápò, o wọlé. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ o ti wọ mọ́tò Lọ́kọ́ja.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan nípa ṣọ́ọ̀ṣì yín nínú gbogbo àwa tá à ń pariwo. Ohun tá a mọ̀ ò ju pé àwọn oníwàásù yín máa ń rìn ní méjì-méjì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tái, orúkọ lára àyà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún á ní Ẹ́ldà lorúkọ òun, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa kẹ́ni tó jẹ́ Ẹ́ldà ó ti hu ewú. Ìyókù, ẹni kan gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni kan ni. Wọ́n ní ìyàwó rẹpẹtẹ lẹ ń fẹ́. Wọ́n ní dọ́là ni wọ́n ń kó fún yín. Wọ́n ní kò sí àgbélébùú lórí ṣọ́ọ̀ṣì yín torí ẹ ò gba Jésù, wọ́n sì ní tẹ́ńpìlì Aba tí wọ́n ṣí ní 2005 yẹn, ará ìta ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, nítorí náà awo ni.

Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá? Dókítà ní ká wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀, èmi ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ẹ ò gbà á láàyè. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nípa wọn, mo kàn dà yín pọ̀ mọ́ra ni. O ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì ẹ sókè kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀jẹ̀ ẹ ló wọ ara Màmá, síbẹ̀ mo tún lè pè ẹ́ ní ọmọ awo lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àti ti tíì náà. Àárọ̀ Kérésì yẹn kan náà mo po Lipton fún ẹ, mo da mílíìkì sí i bó o ṣe ń fẹ́ ẹ láti kékeré, o ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò kì í mu tíì mọ́," ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara, mo rò pé ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé mo fi nǹkan sí i ni, torí nílé wa níbí ẹni tó bá kọ oúnjẹ ẹbí ti sọ nǹkan kan. O wá ní tí Bournvita bá wà wàá mu ún. Mi ò jẹ́ kó o ṣàlàyé. Ìgbà tí mo wá fọkàn balẹ̀ kà á ni mo tó mọ̀ pé òfin yẹn ti wà látọdún 1833, tíì, kọfí, ọtí àti tábà, Bournvita ò sí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn ẹ̀gbọ́n wa méjì yẹn ti gba irú òfin bẹ́ẹ̀ lórí ọtí ni, bóyá wọn ò bá ṣì wà láàyè.

Ìyàwó púpọ̀ náà, òótọ́ ni pé Joseph Smith tó dá ìjọ yín sílẹ̀ àti Brigham Young tó ṣe olórí lẹ́yìn ẹ̀ fẹ́ ẹ, àmọ́ 1890 ni wọ́n ti fi òpin sí i, ẹni tó bá ṣe é nínú yín lónìí wọ́n á yọ ọ́ kúrò ni. Ti dọ́là náà, bíṣọ́ọ̀bù ẹ, ìyẹn olórí ìjọ àdúgbò yín, kì í gba kọ́bọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló fi ń jẹun.

Ìyá àgbà máa ń sọ pé nígbà tí bàbá àwọn ń tẹ̀ lé àwọn oníwàásù láyé Tommy Titcombe, òyìnbó tó dé ilẹ̀ Yàgbà ní 1908, àwọn ará ilé ní wọ́n ti sà sí i, pé ó fẹ́ ta baba ńlá ẹ̀ fún òyìnbó. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo gbé sọ sí ẹ lọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo dẹ̀ rò pé èmi ni mo ń gbèjà ìgbàgbọ́.

Mi ò ní tàn ẹ́, mi ò gba Ìwé ti Mọ́mọ́nì tẹ́ ẹ ń kà pẹ̀lú Bíbélì gbọ́. Ọ̀rọ̀ àwo wúrà tí áńgẹ́lì fi han Joseph Smith, tó ní ara ẹ̀ lòun ti túmọ̀ ìwé yẹn, ò wọ̀ mí létí. Èyí tó tún wá ká mi lára jù ni pé títí di Oṣù Kẹfà 1978 wọn ò jẹ́ kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú gba oyè àlùfáà lọ́dọ̀ yín, mo bi ẹ́ lórí fóònù nígbà kan, o dákẹ́ fúngbà díẹ̀, o ní ó dun ìwọ náà, àmọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ti ń kọ lẹ́tà sí wọn ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà yẹn pé kí wọ́n wá, wọn ò dúró kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ fẹ́ wọn. Mo ṣì ń ro ìdáhùn yẹn. O tún ní kí n yé pè yín ní Mọ́mọ́nì, pé látọdún 2018 ni Russell Nelson, tó jẹ́ ààrẹ yín nígbà yẹn, ti ní kí wọ́n máa pe orúkọ yín ní kíkún. Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn. Mo ti pè é.

Olórí ẹbí ti lọ bá àwọn baba ẹ̀, gbogbo ìtàn orí ẹ̀ ló bá a wọlẹ̀. Màmá náà ti ń gbé orúkọ kan sórí ìkejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tú àpótí aṣọ mi, mo mú ìwé ẹ jáde, mo kà á sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ méjìdínlógún, àbúrò mi, kò sí ibòmíì tí wọ́n kọ wọ́n sí láyé yìí. Nígbà tí mo dé ìkarùn-ún ó ní kí n dúró, pé ìyẹn kì í ṣe ọkùnrin, obìnrin ni, òun ló gbé iṣu lórí wá láti oko ní ọjọ́ tí wọ́n bí bàbá wa. Mi ò gbọ́ ọ rí, ọjọ́ ogbó mi náà rèé.

Ìrìbọmi òkú yẹn, mi ò tíì gbà. Bàbá wa ti ṣe tiẹ̀ lódò, má fi orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ àfi tí Màmá bá ní kó o ṣe é, mo mọ̀ pé o ti ní lọ́dọ̀ yín òkú náà lè gbà tàbí kó kọ̀, àmọ́ bá mi dúró de Màmá. Ìyókù, ìwọ àti òun ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́. Ó ní ó ku ẹbí ìyá òun ní Pónyàn, tí èmi bá bi í ó ń sú u, ó ní ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè.

Máa bọ̀ kí ọyẹ́ tó mú jù. Mo ti ra Bournvita, agolo ńlá.

Ẹ̀gbọ́n ẹ