Àkànní, Ìgbà Wo Lo Ń Bọ̀?

Abẹ́òkúta,
Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Àkànní ọmọ mi,

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti gbóhùn rẹ kẹ́yìn. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún. Káfíńtà tó fẹ́ bá wa tún òrùlé ṣe gba owó tán, a ò rí i mọ́. Ìyẹn náà nìyẹn.

Ìyá ìjọ wa kan ló ti Jámánì dé. Ó ní òun rí ọ ní Frankfurt, pé dùùrù lo jókòó tì, tí ò ń tẹ̀ ẹ́ fún àwọn olórin tó ń dánra wò, ẹlòmíì ló wá dúró níwájú tó ń ju ọ̀pá. Ojú tì mí. Ta ni mi ò tíì sọ fún pé ọmọ mi ti di olùdarí ọkẹ́sítírà?

Ìgbà yẹn ni mo tó wá ka ohun tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́dún tó kọjá, nípa Georg Solti, olùdarí ọkẹ́sítírà ọmọ ilẹ̀ Hungary. Pé dùùrù lòun náà ń tẹ̀ fún àwọn olórin nílé ọ́pẹ́rà, ibi tí wọ́n ti ń fi orin ṣeré, ní Budapest láti 1930. Júù ni, wọn ò jẹ́ kó darí eré kankan níbẹ̀ àfi lóṣù Kẹta 1938. Nígbà tó yá, ó di olùdarí ní Munich ní 1946, ó dé Frankfurt tó o wà yẹn ní 1952, ó dé London, ó dé Chicago, ó gba àmì ẹ̀yẹ orin Grammy 31. Ó ti yé mi. Máa tẹ dùùrù rẹ. Ẹni tí kò mọ ibi tí olórin ti ń mí, kí ló fẹ́ fi ọ̀pá júwe fún un?

Àmọ́ apá kan wà níbẹ̀ tó jọ pé o ò kà. Lọ́dún 1939 tí Solti ń lọ sí Switzerland, bàbá rẹ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin, ó ń sunkún. Ọmọ kanra mọ́ bàbá, ó ní kò ní pẹ́ tóun á fi dé. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Bàbá kú ní 1943. Wọn ò fojú kanra mọ́.

Ìgbà wo lo ń bọ̀?

Ní pápákọ̀ òfuurufú, ìwọ lò ń sunkún, èmi ni mo jágbe mọ́ ọ pé ọkùnrin kì í sunkún, pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ń dúró dè mí. Irọ́ ni. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, ojú ọ̀nà dá. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń sunkún títí ọlọ́pàá fi wá kan gíláàsì pé kí n gbéra.

Ọmọrogùn tó o gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ńkọ́, tó o gun àpótí, tó ò ń fi darí orin rédíò, tí láfún ń ta sára ògiri? Mo gbà á, mo fi nà ọ́. Ó sán níbi orí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà, ìyá rẹ rò pé ó ti sọnù.

Ọmọ burúkú, kí lò ń fọwọ́ méjèèjì ṣe tó ò fi lè tẹ nọ́ńbà? Má fowó ránṣẹ́ o. Ti Kérésì ṣì wà níbẹ̀. Jẹun. Wọ ẹ̀wù òtútù. Wá sílé, kódà bó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá rẹ ní kí n má kọ ti inú ọkọ̀ yẹn. Mo ti kọ ọ́.

Bó o bá pè tó ò gbóhùn mi, má tíì pa fóònù. Mo wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ.